Ilẹ̀, Ilé-ìwé àti Òfin: Bí Àwọn Abúlé Åland Ṣe Di Èdè Wọn Mú

Láàárín orílẹ̀-èdè Swídìn àti orílẹ̀-èdè Fínlándì, ní apá àríwá ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀wọ́ àwọn erékùṣù kan wà nínú Òkun Baltic tí wọ́n ń pè ní Åland. Bí ẹni ń pe “Ólàndì” ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà. Iye àwọn erékùṣù yìí lé ní 6,500, ṣùgbọ́n nǹkan bí 60 péré ni ènìyàn ń gbé nínú wọn, gbogbo olùgbé ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 30,000 lọ. Abẹ́ ìjọba Fínlándì ni wọ́n wà. Èdè Fínnì ni èdè abínibí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ará Fínlándì. Nínú 100 ènìyàn tí ó wà ní orílẹ̀-èdè náà, nǹkan bí 5 péré ni ó ń sọ èdè Swídìn gẹ́gẹ́ bí èdè abínibí. Síbẹ̀, ní Åland, èdè Swídìn nìkan ni èdè ìjọba. Òun ni èdè ilé-ìwé, òun ni èdè ọjà, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Nínú 100 olùgbé Åland, nǹkan bí 85 ni ó ń sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí èdè abínibí.

Ẹni tí ó bá gba àárín àwọn abúlé wọn kọjá, tí ó rí àwọn ilé onígi tí a fi ọ̀dà pupa kùn, pápá ọkà àti ọkọ̀ ojú omi tí a so mọ́ èbúté, lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àmọ́ ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí a bá béèrè ohun tí ó pa èdè wọn mọ́, ìdáhùn tí ó máa ń yá lẹ́nu ènìyàn ni pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ni ó fẹ́ràn èdè wọn tí èdè náà sì ń kú lọ lójú wọn. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ohun mẹ́ta ni àwọn ará Åland rọ̀ mọ́: ilẹ̀, ilé-ìwé àti òfin. Ohun ìyanu tí ó wà nínú ìtàn náà sì ni pé inú ẹjọ́ tí wọ́n pàdánù ni wọ́n ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà.

Àwọn abúlé náà àti iṣẹ́ wọn

Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni ó wà ní Åland. Mariehamn nìkan ni ìlú ńlá láàárín wọn, ọdún 1861 ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ dó. Orúkọ ìyàwó Alexander Kejì, ọba Rọ́ṣíà, ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn 15 yòókù jẹ́ àkójọ abúlé àti erékùṣù: Jomala, Finström, Saltvik, Sund, Lemland, Eckerö, Vårdö, Kökar àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn ṣì dúró láàárín oko wọn. Èyí tí ó wà ní Jomala wà lára àwọn tí ó pẹ́ jù ní gbogbo Fínlándì.

Àgbẹ̀ ni àwọn ènìyàn náà, apẹja ni wọ́n, atukọ̀ sì ni wọ́n pẹ̀lú. Ẹni kan náà ni í gbin ọkà, tí í sin màlúù, tí í ju àwọ̀n sínú òkun, tí í sì fi ọkọ̀ ara rẹ̀ kó igi ìdáná àti ẹja oníyọ̀ lọ tà ní Stockholm, olú-ìlú Swídìn. Ilẹ̀ kò fún wọn ní púpọ̀, nítorí náà ni òkun fi di oko kejì fún wọn.

Iṣẹ́ kan wà tí ó fi ìgbésí ayé wọn hàn ju àwọn mìíràn lọ. Ní ọdún 1638, ìjọba Swídìn la ọ̀nà lẹ́tà láti Stockholm dé ìlú Turku ní Fínlándì, ojú Åland sì ni ọ̀nà náà gbà kọjá. Àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n yan iṣẹ́ náà fún. Àwọn ará Eckerö ní láti fi ọkọ̀ kékeré gbé àpò lẹ́tà la òkun já sí Grisslehamn ní etí òkun Swídìn, ẹ̀ẹ̀rùn tàbí ìgbà òtútù. Bí òkun bá dì di yìnyín ní ìdajì, tí yìnyín náà kò nípọn tó ohun tí ènìyàn lè rìn lórí rẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí àjẹ̀ ríbi wọ omi, ńṣe ni wọ́n máa ń wọ́ ọkọ̀ náà lórí yìnyín, tí wọ́n tún ń tì í sínú omi níbi tí yìnyín bá ti já. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni òkun gbé lọ. Láti ọdún 1974 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje wíwa ọkọ̀ lójú ọ̀nà yẹn kí ìrántí wọn má bàa parun.

Mo mẹ́nu ba iṣẹ́ yìí nítorí pé ó fi ohun pàtàkì kan hàn wá. Àwọn ará Åland kò fi ìgbà kan jẹ́ ẹni tí ó sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ayé. Ojú ọ̀nà ni wọ́n wà. Èdè tí wọ́n fi ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń ná ọjà ní Stockholm, òun náà sì ni adájọ́ fi ń dá ẹjọ́ wọn. Nígbà náà, kò sí ẹni tí ó ní láti gbèjà èdè Swídìn ní Åland, nítorí kò sí ẹni tí ó ń bá a du ipò.

Ọdún 1809 àti ohun tí ó tẹ̀lé e

Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni Fínlándì àti Åland fi wà lábẹ́ ọba Swídìn. Ní ọdún 1808, ọmọ ogun Rọ́ṣíà wọ Fínlándì, wọ́n sì dé Åland. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn àgbẹ̀ dìde sí wọn. Erik Arén tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àti àlùfáà kan tí ń jẹ́ Henrik Gummerus ni ó ṣáájú wọn, wọ́n sì lé àwọn ọmọ ogun náà kúrò ní erékùṣù wọn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kì í bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn láàárín àwọn ọba. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1809, Swídìn fa Fínlándì lé Rọ́ṣíà lọ́wọ́, Åland sì bá a lọ.

Láti ọdún 1832, Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé olódi ńlá sí Bomarsund ní ìjọba ìbílẹ̀ Sund. Nígbà tí ogun Kìrìmíà dé, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé wọ àárín àwọn erékùṣù náà ní ọdún 1854, wọ́n sì wó ilé olódi náà palẹ̀. Ní ọdún 1856, nínú àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n ṣe ní Paris, Rọ́ṣíà gbà pé òun kò ní kọ́ ilé ogun kankan sí Åland mọ́. Ìpinnu yẹn ṣì múlẹ̀ títí di òní: kò gbọdọ̀ sí ibùdó ọmọ ogun ní Åland, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kì í sì í lọ fún iṣẹ́ ológun tí òfin Fínlándì là kalẹ̀ fún àwọn ọkùnrin orílẹ̀-èdè náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀ràn èdè. Ó ṣeé ṣe kí ènìyàn rò pé ọdún 1809 ni ewu ti dé bá èdè Swídìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọba Rọ́ṣíà fi òfin àti ẹ̀sìn Fínlándì sílẹ̀ bí ó ti bá wọn, èdè Swídìn sì ni wọ́n fi ń ṣe ìjọba jákèjádò Fínlándì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Fínnì ni ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn ará ibẹ̀ ń sọ. Ní ọdún 1863 ni Alexander Kejì pàṣẹ pé láàárín 20 ọdún, èdè Fínnì gbọ́dọ̀ bá èdè Swídìn dọ́gba ní ilé ẹjọ́ àti ní ọ́fíìsì ìjọba. Ẹ̀tọ́ ni èyí jẹ́ fún àwọn elédè Fínnì. Kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa wá ògbufọ̀ nínú ilé baba wọn. Ṣùgbọ́n bí agbára èdè Fínnì ti ń ga sí i ni àyà àwọn ará Åland ń já. Ní ọdún 1880, àwọn elédè Swídìn jẹ́ nǹkan bí 14 nínú gbogbo 100 ará Fínlándì. Ní ọdún 1900, wọ́n ti di 13. Àwọn ará abúlé rí i pé bí nǹkan bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ń bọ̀ tí olùkọ́, ọlọ́pàá àti adájọ́ tí wọn yóò rán sí wọn kò ní gbọ́ èdè wọn.

Ẹ̀bẹ̀ sí ọba Swídìn

Ní ọdún 1917, ìjọba ọba Rọ́ṣíà wó lulẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, àwọn aṣojú ìjọba ìbílẹ̀ Åland pàdé ní Finström, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1895 fún àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀. Wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan pé kí Åland padà sọ́dọ̀ Swídìn. Ẹni méjì ni ó mú ipò iwájú nínú ọ̀ràn náà: Julius Sundblom, olóòtú ìwé ìròyìn *Åland*, àti Carl Björkman, tí ó jẹ́ amòfin. Wọ́n gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kiri láti abúlé dé abúlé, àgbàlagbà tí ó lé ní 7,000 sì bu ọwọ́ lù ú. Ní oṣù kejì ọdún 1918, wọ́n gbé e fún Gustaf Karùn-ún, ọba Swídìn. Nígbà tí wọ́n tún bi àwọn ènìyàn léèrè ní ọdún 1919, ìdáhùn kan náà ni ó jáde.

Àmọ́ Fínlándì ti gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ọdún 1917. Ọ̀rọ̀ wá di ẹjọ́ tí ìhà méjèèjì ní ohun gidi láti wí. Àwọn ará Åland ní ẹ̀tọ́ tí Fínlándì fi kúrò lábẹ́ Rọ́ṣíà ni àwọn náà fẹ́ fi kúrò lábẹ́ Fínlándì. Fínlándì ní Åland ti bá òun wà pọ̀ tipẹ́, kò sì sí orílẹ̀-èdè tí yóò dúró bí gbogbo abúlé bá ń yọ ara rẹ̀ kúrò nígbà tí ó bá wù ú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn elédè Swídìn tí ó wà ní ìyókù Fínlándì pàápàá kò fẹ́ kí Åland lọ, torí bí àwọn ará Åland bá lọ, iye àwọn tí ó kù yóò dín kù, agbára wọn yóò sì dín kù pẹ̀lú.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1920, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Fínlándì ṣe òfin kan tí ó fún Åland ní àǹfààní láti máa ṣe ìjọba ara rẹ̀. Àwọn ará Åland kọ̀ ọ́; ohun tí wọ́n béèrè kọ́ nìyẹn. Ní oṣù kẹfà, ìjọba Fínlándì mú Sundblom àti Björkman, wọ́n sì fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn wọ́n. Inú àwọn ará Swídìn ru. Kí ọ̀rọ̀ má bàa di ogun, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e lọ síwájú Ẹgbẹ́ Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì.

Ẹgbẹ́ náà rán ẹni mẹ́ta láti yẹ ọ̀ràn náà wò: Beyens ará Belgium, Calonder ará Switzerland, àti Elkus ará Amẹ́ríkà. Àbá wọn ni pé kí a má ṣe ya ẹ̀yà kékeré kúrò lára orílẹ̀-èdè àyàfi bí orílẹ̀-èdè náà bá kọ̀ láti dáàbò bò ó, tàbí tí kò lágbára láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1921, ìdájọ́ jáde: Fínlándì ni ó ni Åland. Ṣùgbọ́n Fínlándì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ sí ẹ̀jẹ́ pé èdè Swídìn, àṣà àti ìṣe àwọn ará ibẹ̀ kò ní parun. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Fínlándì àti Swídìn fẹnu kò lórí bí ẹ̀jẹ́ náà yóò ṣe rí.

Kò sí ẹni tí ó jó ní Åland ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 1922, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Åland jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́. Sundblom ni wọ́n fi ṣe olórí ilé náà, ó sì wà nípò náà títí ó fi kú ní ọdún 1945. Björkman ni wọ́n fi ṣe olórí ìjọba, títí di ọdún 1938. Àwọn tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn ní 1920 ni wọ́n di alákòóso ní 1922.

Èèkàn mẹ́ta

Èèkàn àkọ́kọ́ ni ilẹ̀. Ẹ̀jẹ́ ọdún 1921 sọ pé bí wọ́n bá ta ilẹ̀ ní Åland fún ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀, ìjọba Åland, ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ará ibẹ̀ kan lè rà á padà. Nígbà tí ó yá, òfin náà le sí i. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìbílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní *hembygdsrätt*, ni ó lè ra ilẹ̀ láìtọrọ àyè. Kí ni ilẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú èdè? Ẹ wo abúlé tí ó ní ilé 20 ní etí òkun tí ó rẹwà. Bí àwọn olówó ìlú ńlá bá ra 15 nínú rẹ̀ fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́dún, abúlé náà ti tán, kò sí ọmọ tí yóò lọ sí ilé-ìwé rẹ̀. Èdè kì í gbé inú afẹ́fẹ́. Inú ilé tí iná ń jó ní àárò rẹ̀ ni ó ń gbé.

Èèkàn kejì ni ilé-ìwé. Ní Åland, èdè Swídìn ni wọ́n fi ń kọ́ni ní gbogbo ilé-ìwé tí owó ìjọba ń gbé ró. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan fún àwọn ọmọ. Èdè Fínnì kì í ṣe dandan, ẹni tí ó bá wù ni ó ń kọ́ ọ. Ọmọ náà kọ́kọ́ fi èdè ìyá rẹ̀ mọ ìṣirò, ìtàn àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kí ó tó fi èdè mìíràn kún un.

Èèkàn kẹta ni òfin. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Åland, tí ó ní ọmọ ẹgbẹ́ 30, ni ó ń ṣe òfin lórí ẹ̀kọ́, ìlera, ọlọ́pàá, àṣà àti ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè, ilé ẹjọ́ àti èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó orí wà lọ́wọ́ Fínlándì. Èdè Swídìn ni ìjọba Fínlándì gbọ́dọ̀ fi kọ ìwé sí ìjọba Åland. Ní pàtàkì jùlọ, Fínlándì nìkan kò lè yí òfin ìjọba ara-ẹni náà padà. Ilé ìgbìmọ̀ Åland gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti jọ tún un ṣe pátápátá, ní ọdún 1951 àti ní ọdún 1991.

Àwọn tí ó fi èdè náà kọ ìwé

Òfin lè dá èdè sí, ṣùgbọ́n kò lè fún un ní ẹwà. Àwọn òǹkọ̀wé abúlé ni ó ṣe ìyẹn. Sally Salminen, tí wọ́n bí ní Vårdö ní ọdún 1906, ń ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ nílé ènìyàn ní New York nígbà tí ó kọ *Katrina*, ìtàn obìnrin tí atukọ̀ kan fi ọ̀rọ̀ dídùn fẹ́ wá sí Åland, tí ó wá rí i pé ahéré lásán ni ọkọ òun ní. Ìwé náà gba ẹ̀bùn ní ọdún 1936, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èdè. Anni Blomqvist, tí òun náà jẹ́ ará Vårdö, jẹ́ ìyàwó apẹja. Òkun gba ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kan. Láàárín ọdún 1968 sí 1973, ó kọ ìwé márùn-ún lórí Maja, obìnrin tí ó ń gbé erékùṣù àdádó ní ayé àtijọ́. Ulla-Lena Lundberg, tí wọ́n bí sí Kökar ní ọdún 1947, gba ẹ̀bùn Finlandia ní ọdún 2012 fún ìwé rẹ̀ tí ó ń jẹ́ *Is*, ìyẹn “Yìnyín”. Ẹ̀bùn náà jẹ́ ti gbogbo Fínlándì, èdè Swídìn ni ó sì fi kọ ìwé náà. Ohun tí ó so àwọn mẹ́ta yìí pọ̀ ni pé wọn kò lọ wá ìtàn sí ààfin ọba. Obìnrin abúlé, ebi, òkun àti ìfaradà ni wọ́n kọ nípa rẹ̀.

Iye tí wọ́n san

Kò sí odi tí kò ní ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá ṣí wá láti Fínlándì kò lè dìbò yan ọmọ ilé ìgbìmọ̀ Åland, àfi bí ó bá lo ọdún márùn-ún níbẹ̀, tí ó sì gbọ́ èdè Swídìn dáadáa, kí ó tó lè béèrè ẹ̀tọ́ ọmọ ìbílẹ̀. Ọmọ Åland tí ó bá sì fi ọdún tí ó ju márùn-ún lọ gbé ní ìta yóò pàdánù tirẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé èyí kò bá ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mu pátápátá. Àwọn ará Åland ń fèsì pé bí ilẹ̀kùn bá ṣí gbayawu fún wọn, a jẹ́ pé ilé ti tú. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rò dáadáa ni èyí, nítorí òfin kan náà tí ó ń dáàbò bo ẹni tí ó wà nínú ni ó ń ti ẹni tí ó wà lóde.

Òfin kò sì lè ṣe gbogbo nǹkan. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí yunifásítì ní Swídìn, ọ̀pọ̀ kì í sì í padà wá. Àwọn erékùṣù tí ó jìnnà ń ṣófo lọ: Sottunga, tí ó jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ó kéré jù ní gbogbo Fínlándì, kò ní ju nǹkan bí 100 ènìyàn lọ. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn àjèjì láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti wá ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ wọn sì ń kọ́ èdè Swídìn ní ilé-ìwé abúlé. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ọjọ́ ọ̀la èdè náà wà.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi ìtàn yìí kọ́ni, ẹ má jẹ́ kí ó parí sí orí pé àwọn kan fẹ́ràn èdè wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé: ta ni ó ni ilẹ̀ tí èdè náà ń gbé lórí rẹ̀? Èdè wo ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò? Ta ni ó lè yí òfin padà, ta ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ bi léèrè kí wọ́n tó yí i? Ní ọdún 1921, àwọn àgbẹ̀ àti atukọ̀ Åland pàdánù ohun tí wọ́n fẹ́. Ìdáhùn tí ó wà fún ìbéèrè mẹ́ta yìí ni wọ́n mú délé.